Nígbà Tí Ẹnu Èbúté Dákẹ́

"Zipporah! Jáde wá, wá bá mi wá ìròyìn omi nínú fóònù yìí kí n tó gbé èrò!"

Hàmídù ló ń pè é lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Efire, ní àárọ̀ Sátidé kan, nígbà tí Zipporah ń fọ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀. Awakọ̀ ojú omi ni Hàmídù. Ọkọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ìlú náà máa ń wọ̀ lọ sí àwọn abúlé etí ọ̀sà. Ó ti ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó na fóònù rẹ̀ síwájú bí ẹni tó di ẹja tó ti bàjẹ́ mú.

Zipporah nu ọwọ́ rẹ̀, ó gba fóònù náà. "Kí ló ṣe é, Ẹ̀gbọ́n Hàmídù?"

"Nǹkan kan ò ṣe fóònù mi. Mo ṣí Ẹnu Èbúté, ọmọkùnrin kan ló ń jó. Mo tì í sókè, obìnrin kan ní kí n wá ra ìpara. Mo tún tì í, ìwọ fúnra rẹ lo ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mi ò rí ẹnì kan tó sọ bí omi ṣe rí lónìí."

"Ó wà nísàlẹ̀. Ẹ ṣáà máa tì í lọ, ẹ óò bá a."

"Ọwọ́ wo ni n óò fi máa tì í? Ṣé ọwọ́ tí mo fi di ẹ́ńjìnnì mú ni, àbí èyí tí mo fi ń gbọ́n omi inú ọkọ̀?"

Zipporah bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tì í. Ó tì í, ó tì í, títí tó fi kan ohùn apẹja kan tó ti sọ̀rọ̀ láti ìdájí pé òjúoró ti dí ẹnu odò, kí ọkọ̀ má ṣe gba ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó tẹ àmì ọkàn sí i, ìyẹn ló fi wà nísàlẹ̀ pátápátá. Hàmídù gbọ́ ọ tán, ó mi orí.

"Tí mo bá ti gbéra ńkọ́? Tèrò tèrò ni mi ò bá kó sínú òjúoró. Zipporah, sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó dá nǹkan yìí padà sí bó ṣe wà."

"Ẹ̀gbọ́n, ó máa mọ́ yín lára ni."

"Ti tẹ́lẹ̀ ti mọ́ wa lára. Kí ló dé tí ẹ ò fi í sílẹ̀ fún wa?"

Ó gba fóònù rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nathaniel, ẹ̀gbọ́n Zipporah, ló ṣe áàpù tí wọ́n ń pè ní Ẹnu Èbúté. Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ló ń kọ́ ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Ní ìgbà òjò kan tó wá sílé, ìjì ká àwọn obìnrin kan tó ń bọ̀ láti ọjà mọ́ ojú omi. Àwọn tó wà ní èbúté kejì ti rí i pé ojú ọjọ́ ń yí padà, ṣùgbọ́n wọn ò ní ọ̀nà tí wọ́n lè fi sọ fún wọn. Díẹ̀ ló kù kí àwọn obìnrin náà kú. Nathaniel wà lára àwọn tó fà wọ́n gòkè. Ìgbà tó padà sí Àgọ́-Ìwòyè, ó jókòó ti iṣẹ́ náà títí ó fi parí rẹ̀.

Áàpù náà rọrùn gan-an. Tí èèyàn bá ṣí i, àmì róbótó ńlá kan ni yóò rí. Yóò tẹ̀ ẹ́, yóò sọ̀rọ̀, yóò gbé ọwọ́ kúrò, gbogbo èèyàn yóò sì gbọ́ ọ. Èyí tí wọ́n sọ gbẹ̀yìn ló máa ń wà lókè. Ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti lágbára tó láti gbé ìpè pàápàá, ohùn náà yóò dúró, yóò sì rá pálá jáde nígbà tó bá ti rí díẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé lò ó. Àwọn apẹja ń sọ apá ibi tí wọ́n ń lọ, àwọn obìnrin ń béèrè ibi tí ẹja wà, àwọn ará ìjọ Aládùúrà ń tọrọ àdúrà fún ọmọ tó ń ṣàìsàn, àwọn Mùsùlùmí ń kéde ìsìnkú tó fẹ́ wáyé kí oòrùn tó wọ̀. Nathaniel ní etí èbúté ni gbogbo ìròyìn ìlú ti ń bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi pè é bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ Zipporah ló kó àwọn èèyàn wọ inú rẹ̀. Òun ló ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tó ń fi í sórí fóònù wọn, tó ń di ìka àwọn àgbàlagbà mú kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Nathaniel kì í yí ohunkóhun padà níbẹ̀ láìbi í. Àwọn obìnrin èbúté a máa fi ṣeré pé òun ni ọ̀gá àwọn.

Inú rẹ̀ dùn sí i nílé. Ní ilé-ìwé rẹ̀ ní Ibiade, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Grace, tí wọ́n jọ ń jókòó lórí àga kan náà, gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Rédíò àwọn arúgbó lẹ gbé kalẹ̀ yẹn. Ta ló fẹ́ máa gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ òjúoró?"

Gbogbo àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Zipporah náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun.

Ní ìsinmi kan, oṣù díẹ̀ kí Hàmídù tó wá bá a lẹ́nu ọ̀nà, Nathaniel ní kó wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ òun ní Àgọ́-Ìwòyè. Yàrá kan ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Gbóyèga, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, jọ ń gbé, nínú ilé kan tó kún fún akẹ́kọ̀ọ́. Gbóyèga, tó ń bá Nathaniel ronú bí áàpù náà yóò ṣe máa mówó wọlé, mọ ọ̀rọ̀ sọ. Tó bá ń sọ̀rọ̀, á máa wò ọ́ lójú bí ẹni pé ìwọ nìkan ló wà láyé.

"Ìwọ ni Zipporah? Ìwọ nìkan lo kó gbogbo àwọn èèyàn yẹn wọ inú áàpù yìí? O mà gbìyànjú o!"

Àwọn ọmọbìnrin yàrá kejì wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní ojú Zipporah dára lójú kámẹ́rà. Gbóyèga dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri yàrá.

"Ohun tó ń dà wá láàmú ni pé èèyàn kì í dúró níbẹ̀. Wọ́n á ṣí i, wọ́n á gbọ́ bí omi ṣe rí, wọ́n á pa á dé. Ta ló máa polówó ọjà níbi tí èèyàn kì í dúró? A ní láti mú kí wọ́n dúró. Ohun tí èèyàn bá tẹ àmì ọkàn sí jù ni kó máa wà lókè, kì í ṣe èyí tó dé gbẹ̀yìn. Ká fi fídíò sí i. Ohùn tó bá gùn jù, kó gé e. Kí gbogbo èèyàn tún orúkọ fi sílẹ̀ pẹ̀lú ímeèlì, ká lè mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Zipporah á sì máa ṣe fídíò kan láràárọ̀. Ojú rẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ rí."

Nathaniel jókòó, ó ń fi eyín gé ìdérí bírò. Ó gbé bírò náà sílẹ̀, ó yíjú sí àbúrò rẹ̀.

"Zipporah, ìwọ lo ń gbé láàárín wọn. Tá a bá yí i báyìí, ṣé wọ́n á gbà á?"

Zipporah mọ ìdáhùn. Lọ́kàn rẹ̀, ó rí Ànti Asimawu, tó ń ta ẹja, tí kò mọ ohun tí ímeèlì ń jẹ́. Ó rí Hàmídù lórí ọkọ̀ rẹ̀. Ó rí bàbá rẹ̀, Zechariah, tí kò lè ka orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n Gbóyèga ń rẹ́rìn-ín sí i, àwọn ọmọbìnrin orí bẹ́ẹ̀dì ń wò ó, ó sì ń ro bí ojú Grace yóò ṣe rí nígbà tó bá rí i nínú fídíò.

"Wọ́n á gbà á," ló wí. "Wọ́n kàn máa kùn díẹ̀ ni. Ó máa mọ́ wọn lára."

Gbóyèga pàtẹ́wọ́. Nathaniel mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Tó bá jẹ́ ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀."

Níbẹ̀rẹ̀, ó dà bí ẹni pé Gbóyèga ló mọ̀ ọ́n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, àwọn ọmọ ilé-ìwé náà wọlé. Grace fúnra rẹ̀ fi í sórí fóònù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe Zipporah ní Zipi. Tí Zipi bá ń kọjá ní ọgbà ilé-ìwé, àwọn ọmọ kíláàsì mìíràn á máa juwọ́ sí i. Kò tíì rí irú ìyẹn rí láti ọjọ́ tó ti dáyé.

Ní Efire, ariwo lọ́tùn-ún lósì ni.

"Mo ra dátà láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti tán," ni Ànti Asimawu wí. "Ijó ló jẹ ẹ́. Wọ́n tún ní kí n mú ímeèlì wá. Ta ní ń jẹ́ ímeèlì? Ọmọ ta ni?"

Zipporah ṣe ímeèlì fún un. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ tó ní láti tẹ̀ kó tó wọlé. Zipporah tún un ṣe, ó tún gbàgbé. Nígbà tó yá, kò wá mọ́.

Àwọn mìíràn sọ ìráhùn wọn sórí Ẹnu Èbúté fúnra rẹ̀. Nathaniel ní kí wọ́n fi àwọn ìráhùn náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìdánwò ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ọwọ́ Zipporah ló fi gbogbo rẹ̀ lé. Gbóyèga pe Zipporah lórí fóònù.

"Máa pa wọ́n rẹ́," ló wí. "Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tó wá rí i pé gbogbo èèyàn ló ń ráhùn, ṣé á dúró?"

Zipporah bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n rẹ́. Ó máa ń ṣe é láàárọ̀ kó tó wọ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ohùn Hàmídù wà lára wọn. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn sọ pé àwọn tó ń wa ọkọ̀ kò lè máa fi ojú wá ìròyìn lórí omi, pé kí wọ́n jọ̀ọ́ gba tàwọn rò. Zipporah gbọ́ ọ dé ìdajì, ó pa á rẹ́.

Nígbà tí wọ́n pàdé lọ́nà, Hàmídù bi í: "Mo sọ̀rọ̀ kan síbẹ̀ láàárọ̀ àná. Mi ò rí i mọ́."

"Bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Hẹn-ẹ́n," ni Hàmídù wí. Láti ọjọ́ yẹn, kò sọ ohunkóhun sórí Ẹnu Èbúté mọ́.

Àwọn èèyàn kò kúrò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn awakọ̀ kó ara wọn jọ síbòmíràn lórí fóònù, àwọn nìkan. Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja ṣe tiwọn lọ́tọ̀. Àwọn kan ò lọ síbì kankan, wọ́n padà sí fífi ẹnu pariwo láti etí omi. Kò wá sí ibi kan ṣoṣo tí gbogbo wọn ti lè gbọ́ ara wọn mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ọ̀dọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, nítorí áàpù tuntun kan ti dé tí ijó ibẹ̀ dára ju tiwọn lọ.

"Zipi, ta ló ṣì ń lọ síbẹ̀?" ni Grace wí, tó ti yọ ọ́ kúrò lórí fóònù tirẹ̀. Kò pẹ́ tó fi padà sí pípè é ní Zipporah.

Gbóyèga ti rí iṣẹ́ ní Èkó. Tí wọ́n bá pè é, kì í gbé e.

Ẹnì kan tí kò kúrò ni Zechariah. Ní ìdájí kọ̀ọ̀kan, kó tó ti ọkọ̀ rẹ̀ sómi, á mú fóònù kékeré rẹ̀ jáde, á tẹ àmì róbótó náà bí ọmọ rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, á sì sọ pé: "Èmi Zechariah ni o. Apá ìlà-oòrùn ni mo forí lé lónìí. Kí Ọlọ́run ṣọ́ wa."

Ìyàwó rẹ̀ bá a sọ ọ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ń jẹun. "Bàbá Nathaniel, kí ló dé tí ẹ ò ní kí Hàmídù fi yín sáàárín tiwọn? Ibẹ̀ ni gbogbo wọn wà báyìí."

"Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ mi ni kí n fi sílẹ̀? Tí gbogbo ayé bá lọ, ṣé ó yẹ kí èmi náà lọ? Àwọn èèyàn ṣì ń gbọ́ mi níbẹ̀."

Zipporah wà nínú yàrá, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ bàbá òun. Ó lè rí i lórí fóònù tirẹ̀ pé ohùn àárọ̀ yẹn, ohùn ti àná, ohùn ti ìjẹta, kò sẹ́ni tó ṣí wọn. Ó dìde kó lọ sọ fún un. Ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ojú tì í, ó padà lọ dùbúlẹ̀.

Ọjọ́ Tọ́sìdé kan ni ó ṣẹlẹ̀, nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ìjì sì máa ń dé láìròtẹ́lẹ̀. Ojú ọjọ́ mọ́ láàárọ̀. Nígbà ìsinmi ráńpẹ́ ní ilé-ìwé, Zipporah yọ fóònù rẹ̀, ó ṣí Ẹnu Èbúté kó lè mọ iye àwọn tó wo fídíò irun dídì tó ṣe. Wọn ò pọ̀ rárá. Inú bí i, ó pa á dé, ó sọ fóònù náà sínú àpò. Kò tì í sísàlẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sán, ojú ọ̀run ṣú. Atẹ́gùn gbé fèrèsé kíláàsì lu ògiri, àwọn olùkọ́ sì ní kí wọ́n ti gbogbo rẹ̀. Òjò náà rọ̀ títí wọ́n fi jáde. Nígbà tí ọ̀kadà gbé Zipporah délé, ó bá ìyá rẹ̀ níta nínú ọ̀wààrà tó kù, tó fi ìró borí.

"Bàbá rẹ kò tíì dé," ni ìyá rẹ̀ wí. "Fóònù wọn kò lọ."

Zipporah yọ fóònù rẹ̀ nínú àpò. Ó ṣí Ẹnu Èbúté. Fídíò tirẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ, ó tì í. Ijó, ó tì í. Ìpolówó, ó tì í. Nísàlẹ̀, lábẹ́ àwọn ijó oṣù tó kọjá, ó rí orúkọ bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ náà kí àwọn tó jáde fún ìsinmi ráńpẹ́. Kò sẹ́ni tó ṣí i. Ó tẹ̀ ẹ́.

"Èmi Zechariah ni o. Òjúoró ti wé mọ́ ẹ́ńjìnnì mi, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Mò ń fi àjẹ̀ wà á, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń tì mí padà, omi sì ti ń wọ inú ọkọ̀. Mo pe ilé, ìpè ò lọ. Ẹni tó bá wà nítòsí, kó jọ̀ọ́ wá fi okùn fà mí. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń gbọ́ mi. Ibi tí mo wà báyìí ni ẹ̀gbẹ́..."

Ó gé síbẹ̀.

Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Zipporah sá lọ sí ilé Hàmídù láìwọ bàtà. Hàmídù gbọ́ ohùn náà, ó sì tún un gbọ́.

"Ẹ̀gbẹ́ ibo?" ló bi í. "Zipporah, ẹ̀gbẹ́ ibo ló wí?"

"Ó gé e, Ẹ̀gbọ́n. Àwa la ní kó máa gé e."

Hàmídù wò ó. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì epo rẹ̀, ó ń pe àwọn awakọ̀ yòókù bó ṣe ń sáré lọ sí èbúté. Ọkọ̀ wọn pọ̀ lójú omi ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Wọ́n ń pe Zechariah lóhùn rara, títí òkùnkùn fi lé wọn padà.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n rí ọkọ̀ náà tó dojú dé láàárín òjúoró. Ìgbà tó yá ni wọ́n rí òkú Zechariah. Hàmídù ló gbé e gòkè. Nígbà tó sọ ibi tí wọ́n ti rí i fún ìyá Zipporah, ilẹ̀ ló ń wò.

"Mo gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú èrò lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kí ìjì tó bẹ̀rẹ̀. Igi ló wà láàárín wa. Ká ní mo yí orí ni, ǹ bá ti rí i. Kò sẹ́ni tó ní kí n yí orí."

Àwọn ará ìjọ wọn wọ aṣọ funfun, wọ́n kọrin títí dé ibojì. Àwọn aládùúgbò Mùsùlùmí ló gbẹ́ ilẹ̀ náà. Ànti Asimawu ló ń di ìyá Zipporah mú kó má bàa ṣubú. Kò sẹ́ni tó bú Zipporah. Gbogbo wọn ń sọ fún un pé kó pẹ̀lẹ́, ó sì dà bíi kí ilẹ̀ là kó gbé e mì.

Lẹ́yìn ìsìnkú, òun àti Nathaniel jókòó lẹ́yìn ilé, níbi tí ìyá wọn ti máa ń yan ẹja. Ibẹ̀ tutù, kò sí iná.

"Nígbà tí mo bi ọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè," ni Nathaniel wí, "o mọ̀ pé wọn ò ní gbà á, àbí?"

"Mo mọ̀."

Ó rò pé yóò gbá òun létí. Nathaniel kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Èmi náà mọ̀," ló wí. "Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan sọ fún mi pé wọ́n á gbà á ni."

Kí ó tó padà sí yunifásítì, ó ti dá gbogbo nǹkan padà. Ó yọ fídíò, ó yọ ímeèlì, ó yọ ìpolówó, ó yọ ohun tó ń gé ohùn. Èyí tó dé gbẹ̀yìn tún padà sókè. Òun àti Zipporah sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé, bí Zipporah ti ṣe níbẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn fún wọn lómi mu, wọ́n ṣàdúrà fún wọn. Ànti Asimawu fi ọwọ́ pa orí Zipporah.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti yọ ọ́ kúrò. Ibi tí mo wà báyìí ti mọ́ mi lára."

Ọ̀dọ̀ Hàmídù ni wọ́n lọ gbẹ̀yìn. Zipporah kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa. Èmi ni mo pa ohùn yín rẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì."

"Mo mọ̀," ni Hàmídù wí. "Dìde. A ò bínú. Nígbà tá a ṣì ń bínú, a ṣì fẹ́ràn rẹ̀ nígbà yẹn, ìdí tá a fi ń pariwo nìyẹn. Ìgbà tá a dákẹ́, a ti lọ. Èèyàn kan ò lè máa kó gbogbo ìlú lọ kó tún máa kó wọn bọ̀, Zipporah. Ta ló mọ ohun tí ẹ óò tún yí padà lọ́la?"

Zipporah dìde, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lórúnkún rẹ̀. Nígbà tó délé, ó tẹ àmì róbótó náà, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ìlú, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà. Ó gbé fóònù náà síwájú, ó ń wò ó. Nathaniel nìkan ló ṣí i. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Nathaniel nìkan ló ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé, wọ́n ti pa Ẹnu Èbúté tì, àwọn awakọ̀ sì ṣì wà níbi tiwọn, àwọn ẹlẹ́ja níbi tiwọn. Tí ìjì bá tún bẹ̀rẹ̀ lọ́la, àwọn kan yóò gbọ́, àwọn kan kò ní gbọ́.

Nathaniel ṣe àṣekágbá ẹ̀kọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ fọwọ́ kan áàpù kankan mọ́. Ìyá wọn ń ra ẹja tó ń yan lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Zipporah ti wọ kíláàsì àṣekágbá. Ó ń kàwé, ó ń jẹun, ó ń dáhùn tí wọ́n bá pè é. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní ó ti dàgbà. Ìyá rẹ̀ tó ń gbọ́ bó ṣe ń sunkún lóru mọ̀ pé ìbànújẹ́ ni, kì í ṣe àgbà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, lọ́jọ́ kan wọ́n lè fi ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́kàn lé sí ọwọ́ ẹ̀yin náà, ó lè jẹ́ áàpù, ó lè jẹ́ ẹgbẹ́, ó lè jẹ́ ipò kékeré kan ní kíláàsì. Ẹ má ṣe yí i padà nítorí ìyìn àwọn tí kò nílò rẹ̀. Tí wọ́n bá bi yín léèrè òótọ́, ẹ sọ ọ́, bí gbogbo yàrá bá tilẹ̀ ń wò yín. Ẹ sì máa gbọ́ ìráhùn, nítorí ẹni tó ń ráhùn ṣì fẹ́ dúró. Ẹni tí ẹ bá pa ohùn rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu yóò lọ, ẹ lè má mọ ọjọ́ tó lọ, ẹkún yín lẹ́yìn náà kò sì lè dá a padà. Zipporah mọ gbogbo èyí báyìí. Kò sí ohun tó lè fi ṣe fún bàbá rẹ̀ mọ́.